Bí ẹ ṣe lè kọ́ ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: acknowledge

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà ní Yiwu, ìlú ọjà ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, tí àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ kó ẹrù ní Ṣáínà mọ̀ dáadáa. Àpò obìnrin ló ń tà. Oníbàárà rẹ̀ kan ní òkè òkun kọ̀wé sí i pé ẹrù dé, ṣùgbọ́n síìpù àpò 40 ti já. Akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ fún un lésì pé òun ti rí ìwé náà, òun á sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tó kọ ni:

"We acknowledge the damage to your goods."

Ìgbà tó fi ránṣẹ́ tán ló tó rántí pé òun ní olùkọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí oníbàárà fi ní kó dá owó àpò 40 padà, gbólóhùn yẹn gan-an ló sì fà yọ: ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbà pé ọjà bàjẹ́. "Tíṣà, mo kàn ní mo ti rí lẹ́tà wọn ni o," ló ń sọ fún mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kó ya àwòrán ohun tó rí nínú díkíṣọ́nárì orí fóònù rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níwájú acknowledge: chéngrèn, 承认, ìyẹn gbígbà pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀, àti quèrèn, 确认, ìyẹn fífi ìdí nǹkan múlẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún un ìgbà tó ń jẹ́ èkíní àti ìgbà tó ń jẹ́ èkejì. Ìdajì owó náà ló san nígbẹ̀yìn.

Àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ èyí fún. Láti oṣù Agẹmọ ọdún 2021, tí ìjọba Ṣáínà ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́ àfikún má gba olùkọ́ tó wà ní òkèèrè mọ́, àgbàlagbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi: òṣìṣẹ́ ilé ọjà, ọmọ yunifásítì tó ń kọ téésì, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ìdánwò IELTS. Irú wọn kì í béèrè orúkọ èso. Èdè lẹ́tà, èdè ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, acknowledge sì wà lára èyí tó ń kó wọn sí wàhálà jù. Ìjókòó kan ti tó fún un bí ẹ bá tọ ọ̀nà yìí. Ní tèmi, aago 1 ọ̀sán ni mo máa ń ṣe é, torí aago 8 alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ti jẹun tán, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó ti mọ̀ sílẹ̀

Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan ná. Ẹ ní kó kọ ìtumọ̀ acknowledge ní èdè tirẹ̀, kó wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Chéngrèn ni yóò kọ, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Inú àwọn gbólóhùn mẹ́ta yẹn lẹ ti máa rí ibi tó ń dùn ún. Díẹ̀ nínú èyí tí èmi ti rí rèé:

"I acknowledged my old classmate at the station."
"I have good acknowledge of computer."
"Please acknowledge me the time of meeting."

Àìsàn mẹ́ta ni, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹni àkọ́kọ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì dá a mọ̀. Rènchū, 认出, ló ní lọ́kàn, recognised ló yẹ kó kọ. Ẹni kejì rò pé acknowledge jẹ́ ọmọ ìyá knowledge, kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ìmọ̀ tí a ní, ìkejì jẹ́ ohun tí a ṣe. Ẹni kẹta fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ aago ìpàdé. Tell ló ń wá, ó rò pé acknowledge ni agbádá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá a tú chéngrèn palẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ọmọdé tó fọ́ àwo tó sì jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, chéngrèn ni. Orílẹ̀-èdè tó gbà pé ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn jẹ́ ìjọba lóòótọ́, chéngrèn ni. Ẹni tó ní lóòótọ́ ni ojú ọ̀nà kò dára, chéngrèn náà ni. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí fún admit, recognise àti acknowledge, ó sì ń bínú bí a bá gba iṣẹ́ ọ̀kan fún ìkejì.

Kí a má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Gbà tiwa ńkọ́? A ń gba lẹ́tà, a ń gba àlejò, a ń gbà pé a jẹ̀bi, a ń gbà pé òótọ́ lọ̀rọ̀, a sì ń gbà fún ẹni tó jù wá lọ. Bí olùkọ́ Yorùbá bá ti gbé e sọ́kàn pé "gbà" ni acknowledge, òun náà á ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni, torí lẹ́tà tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ kò ní kí n gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Ẹ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ yín. Inú wọn máa ń dùn láti gbọ́ pé èdè olùkọ́ náà ní irú ìṣòro tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dé, torí òun ló ń ná wọn lówó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá ju iṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WeChat ilé iṣẹ́, kí ni wọ́n ń fi dá a lóhùn? Shōudào, 收到. Gbogbo wọn á máa kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, shōudào, shōudào, títí ojú fóònù á fi kún. Kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ náà wu òun. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju pé "ó ti dé ọwọ́ mi" lọ. Ẹ wá sọ fún un pé acknowledge tó ń bá receipt rìn, shōudào tó wọ kóòtù ni:

"We acknowledge receipt of your letter dated 3 May."
"Please acknowledge receipt of this email."

Ibí ni wọ́n ti máa ń béèrè pé kí ni ìwé owó ń wá níbẹ̀. Receipt tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fún ni ní ṣọ́ọ̀bù, àwa náà sì ń pè é ní rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ti inú lẹ́tà yìí kì í ṣe bébà, gbígbà tí a gba nǹkan náà ni. Bí ó bá ṣì ń rú wọn lójú, ẹ ní kí wọ́n rántí shōutiáo, 收条, ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó wá san owó tàbí tó wá kó ẹrù sílẹ̀. Jīn shōudào, 今收到, ló sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá tún le sí i, wọ́n á kọ zī shōudào, 兹收到. Èdè wọn náà ní ohùn ọ́fíìsì, wọn kò kàn so ó pọ̀ mọ́ acknowledge rí ni. Ẹni tó bá ti kọ shōutiáo rí, tí a ní kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ á bà á lójú ẹsẹ̀.

Èmi tún máa ń sọ ti ìwé tí à ń mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba nílé wa níbí. Ẹ̀dà méjì la máa ń tẹ̀. Akọ̀wé á gba ọ̀kan, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ìkejì, á kọ déètì sí i, á fọwọ́ sí i, á dá a padà fún wa. Acknowledgement copy la ń pe èyí tó dá padà yẹn. Akọ̀wé náà kò ka ìwé wa, kò sì ṣèlérí nǹkan kan. Àmọ́ bí wọ́n bá ní àwọn kò rí ìwé lọ́wọ́ wa lóṣù mẹ́ta sígbà náà, òun la máa fà yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí òǹtẹ̀ yẹn lọ́kàn kò ní da gbígba ìwé pọ̀ mọ́ gbígba ẹ̀bi mọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yọ "Well received" kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣòwò Ṣáínà kún fún un: ẹ fi fáìlì ránṣẹ́, "Well received", ẹ fi owó ránṣẹ́, "Well received". Shōudào ni wọ́n tú bẹ́ẹ̀. Létí ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì, eré tí àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún ni wọ́n ń pè ní well received. Ó máa ń yé oníbàárà ṣá, ìdí nìyẹn tí kò fi lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó ń sanwó olùkọ́ ṣì máa kọ ọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni ti ẹni tó gbà pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, chéngrèn bá a mu dáadáa, kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Admit ní òórùn ẹ̀bi lára: wọ́n ti bi í léèrè, ó ti sẹ́, ó wá gbà. Confess ni jẹ́wọ́ tiwa pátápátá. Ẹni tó acknowledge nǹkan kò tíì jẹ lẹ́gba. Ó fọkàn balẹ̀, ó ní lóòótọ́ ni, bóyá kò tilẹ̀ sí ẹ̀bi níbẹ̀ rárá.

"He admitted taking the money."
"The company acknowledges that delivery has been slow."
"We acknowledge that our sample was small."

Gbólóhùn kẹta yẹn wúlò fún àwọn tó ń kọ téésì. Wọ́n máa ń bẹ̀rù àtikọ àléébù iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní olùyẹ̀wò á rí i. Ẹ sọ fún wọn pé olùyẹ̀wò á rí i náà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni ara ń tù.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí lẹ́tà Yiwu, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín pé níbo ló ti bàjẹ́. Ẹ má sọ fún un. Kó wò ó fúnra rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé acknowledge ni the damage. Bíbàjẹ́ kì í ṣe ohun tó ń dé sí àpótí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀sùn ni, ẹni tó bá acknowledge rẹ̀ ti gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣe receipt of your complaint ló tẹ̀ lé e, ìwé nìkan ló gbà. Ojú ohun tó bá tẹ̀ lé acknowledge ni kí ẹ kọ́ ọ láti máa wò ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti kọ́ ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ yìí, èyí nìkan ni mo máa fi kọ́ ọ.

Ti ìdúpẹ́ kò gba àkókò. Ojú ewé ìdúpẹ́ nínú téésì, zhìxiè, 致谢, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní acknowledgements. Ẹ kàn rán wọn létí pé nínú téésì ilẹ̀ wọn, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, ti Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń wà níwájú, kí wọ́n má bàa fi síbi tí kò yẹ. Àwọn ará Bìrìtìkó sábà máa ń fi e sí àárín, acknowledgement. Àwọn ará Amẹ́ríkà yọ ọ́, acknowledgment. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ni kó fi parí.

Ìkẹrin ló máa ń yà wọ́n lẹ́nu:

"She walked past without acknowledging me."

Kò sí chéngrèn tó lè wọ ibẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lǐ, 理, lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan kò ka àwọn sí, tā lǐ dōu méi lǐ wǒ, 她理都没理我, ni wọ́n ń wí, Yorùbá á ní ó kọjá lára mi bí ẹni pé igi ni mí. Níbi tí ìkíni ti jẹ́ ìdajì ìwà ọmọlúàbí ni èmi ti wá, nítorí náà mo máa ń pẹ́ lórí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Acknowledge kì í ṣe ìkúnlẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe "ẹ kú iṣẹ́". Mímirí, gbígbé ojú sókè, ẹ̀rín díẹ̀, ó ti tó. Ẹ ṣe é fún wọn lójú kámẹ́rà: ẹ kọ́kọ́ mirí sí wọn, ẹ tún yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí wọn. Wọn kì í gbàgbé ẹ̀ẹ̀kejì yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú ìwé ọdún 1972 àti ti 1979 jáde

Èyí kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1972, Richard Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ kí àwọn aláṣẹ Ṣáínà, ìjọba méjèèjì sì jọ gbé ìkéde kan jáde ní Shanghai. Nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà "acknowledges" pé gbogbo ará Ṣáínà tó wà ní ìhà méjèèjì omi Taiwan, erékùṣù tí ìjọba Beijing ní tòun ni, ló ń sọ pé Ṣáínà kan ṣoṣo ló wà. Nínú ẹ̀dà ti Ṣáínà, rènshi dào, 认识到, ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé: ó yé wa pé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1979, nígbà tí Jimmy Carter wà lórí oyè, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ìjọba sí ìjọba. Ìkéde mìíràn, tí wọ́n ti gbé jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1978, ló bá a wá. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbi tó wà: Amẹ́ríkà "acknowledges the Chinese position". Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà Ṣáínà, rènshi dào ti lọ, chéngrèn ti gba ipò rẹ̀. Nínú ìkéde kan náà, ibi tí Amẹ́ríkà ti "recognizes" ìjọba Beijing gẹ́gẹ́ bí ìjọba kan ṣoṣo tó bófin mu ní Ṣáínà, chéngrèn náà ni wọ́n tún fi tú u. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀ wá bá ara wọn nínú ẹ̀wù kan. Àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1979. Èsì tí Warren Christopher, igbákejì akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, fún wọn ni pé ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dì mú, pé acknowledge lọ̀rọ̀ tó de àwọn. Kánádà ti yẹra fún gbogbo rẹ̀ ṣáájú: nígbà tó bá Ṣáínà gbé ìkéde tirẹ̀ jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1970, "takes note" ló lò.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yín, takes note, acknowledges, admits, recognizes, kí ó wá ọ̀rọ̀ Ṣáínà tó yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò lágùn díẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn Taiwan o! Kì í ṣe ìdí tí ẹ fi mú un jáde nìyẹn, bí ẹ kò bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró sórí ọ̀rọ̀ ìṣe. Tí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, ẹ fò ó kí ẹ lọ sí gírámà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tó lè tẹ̀ lé e

Ẹ fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà yí i po kí etí rẹ̀ lè mọ́ ọn:

"She acknowledged the mistake."
"She acknowledged that she had made a mistake."
"She acknowledged making a mistake."
"She acknowledged to her manager that she had made a mistake."
"She is acknowledged as the best engineer in the office."

Ìkẹrin ni ẹ máa tún un sọ jù. Wọ́n máa ń yọ to kúrò, torí gàosu, 告诉, tó jẹ́ "sọ fún" lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e tààrà. Ibẹ̀ ni "acknowledge me the time" ti wá. About náà máa ń yọjú, "acknowledge about the problem". Kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ti àkókò ńkọ́? Ibí ni olùkọ́ Yorùbá ti ní àǹfààní tí olùkọ́ ìlú London kò ní. Àná, òní, ọ̀la, lọ ni lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn náà, qù, 去, ni qù. Ti àti ń la fi ń ṣe tiwa. Le, 了, àti zài, 在, ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Àwa náà jìyà kí s àti ed tó mọ́ wa lẹ́nu. Nítorí náà, bó bá kọ "he acknowledge", ẹ má kàn fa ìlà pupa sí i. Ẹ ní kó kọ gbólóhùn náà ní èdè rẹ̀, kó fi òbìrípo yí ibi tí le wà ká, kó wá bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Le kì í ṣe àmì àná ní gbogbo ìgbà, ẹ má jẹ́ kó fi sọ òfin. Kó kàn jẹ́ agogo tó ń rán an létí pé kó wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Lẹ́tà dé lánàá, kí ló dé tí a ń kọ "We acknowledge receipt" lónìí láìsí ed? Torí bí a ti ń kọ ọ́ náà ni a ń ṣe é. Ẹni tó ní "mo búra" kò sọ ìtàn ìbúra. Ìbúra náà nìyẹn. Ṣáínà ní tècǐ, 特此, fún irú ohùn báyìí nínú ìwé ìjọba, ìyẹn hereby, ẹ sì lè fi hàn wọ́n. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi hereby sí lẹ́tà síìpù. Bákan náà ni kí wọ́n má kọ "We are acknowledging". Mi ò tíì rí lẹ́tà ọ́fíìsì tó dára tó lò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu

Ìdún (sílébù) mẹ́ta ni, ak-NOL-ij, àárín ló wúwo. Ẹ kọ́kọ́ fi knowledge sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: k tí kì í dún nínú knowledge ti jí nínú acknowledge. Ẹ ní kó kọ ọ́ bí ac àti knowledge, kó má bàa gbàgbé c.

Ní Mandarin, èdè Ṣáínà tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, nínú gbogbo kọ́ńsónáǹtì, n àti ng nìkan ló sábà máa ń parí ìdún, pẹ̀lú r lẹ́nu àwọn ará Beijing. Nítorí náà, k tó fẹnu kan n yẹn máa ń há wọn lọ́fun, wọ́n á fi fáwẹ̀lì gbà á sílẹ̀: a-ke-no-li-ji. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Àwa tí à ń pe bread ní búrẹ́dì, tí a ń fi ì parí ohun gbogbo. Ohun tó ran èmi lọ́wọ́ ni mo fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́: kí ahọ́n lọ síbi k, kó dì mọ́ ibẹ̀, kí ó má tú u sílẹ̀, kó bọ́ sí n tààrà. Ẹni tó bá ń sọ Cantonese, èdè àwọn ará Guangdong àti Hong Kong, kò ní wàhálà yìí púpọ̀, torí èdè tirẹ̀ ní k tó ń parí ìdún.

Fún ìwúwo, ẹ lo ohùn. Ẹ ní kó fi ohùn kìíní, èyí tó wà lókè tí kò mì, bí mā, sórí NOL, kó sì fi qīngshēng, 轻声, ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́yìn māma, sórí ij. Kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń sún wọn mọ́ ọn ju "tẹ àárín mọ́lẹ̀" lọ. Ẹni tó bá mọ dò-re-mí kò ní ṣòro fún láti fi hàn wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Changsha, ní ìpínlẹ̀ Hunan, sì wà tó ń pè é ní ak-LON-ij. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń gé. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ní Hunan, ní Sichuan àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù, n àti l kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Yorùbá mọ èyí: a ní "nílé", a ní "lọ́jà", ní kan náà ni, fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ló yí i padà. Mo ní kó di imú rẹ̀ mú kó pe NOL. Bí ohùn bá há sí imú, n ló pè nìyẹn. Bó bá ṣì ń ṣàn geere, l ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń di imú nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ó ní àwọn èèyàn ń wo òun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kó tún lẹ́tà náà kọ

Ẹ fún un ní ẹ̀sùn síìpù, kó dá a lóhùn láìgba ẹ̀bi, láìsì sẹ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó yẹ kó sún mọ́ nìyí:

"Thank you for your email of 12 June. We acknowledge receipt of your complaint about the zips on forty bags. We are looking into the matter and will write to you again by Friday."

Ẹ wá yí ọ̀rọ̀ padà: wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni síìpù burú, ọ̀gá sì ti ní kí wọ́n san owó. Kí ló máa kọ báyìí? "We acknowledge that the zips were faulty." Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń buwọ́ lù.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kó kọ ìwé kékeré mẹ́ta: ọ̀kan sí ẹni tó fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí i, ọ̀kan sí olùkọ́ tó ràn án lọ́wọ́ lórí téésì, ọ̀kan sí ọ̀rẹ́ tó kọjá lára rẹ̀ láìwojú. Bó bá dé, acknowledge àti ohun tó tẹ̀ lé e nìkan ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ fi àṣìṣe yòókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i lórí WeChat kí ẹ tó pa kámẹ́rà. Bó bá sì fi "Well received, teacher" dá a lóhùn, bí ẹni ti Changsha yẹn ti ṣe fún mi, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tó padà sí ìgbésẹ̀ kejì.